Àṣìṣe tí ó máa ń tú ẹgbẹ́ olórin ká: ẹjọ́ Sly and the Family Stone

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ sóòlù àti fọ́ǹkì, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, máa ń fetí sí bí Larry Graham ṣe ń fi àtàǹpàkò gbá okùn gìtá báàsì, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà béèrè ìdí tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Sly and the Family Stone, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní San Francisco ní 1966, fi tú ká kí ọdún mẹ́wàá tó pé.

Ẹ má ṣe gba òde tí ẹ kò ní lè lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n ti mi Woodstock, àjọ̀dún orin ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tìtì ní 1969, oògùn olóró kokéènì wọlé, Sly Stone, olórí ẹgbẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé òde, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní yọjú. Nínú nǹkan bí 80 òde tí wọ́n gbà ní 1970, a gbọ́ pé 26 ni wọ́n pa jẹ. Ní oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n fẹ́ fi eré ọ̀fẹ́ pẹ̀tù sí àwọn ará Chicago nínú, ṣùgbọ́n rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gun orí ìtàgé, àwọn tí ó fara pa sì lé ní 100. Ẹgbẹ́ náà ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Ta ni ì bá gbèjà apẹ́lẹ́yìn?

Ní ti ẹ̀tọ́ orin, ìyẹn àṣẹ láti máa gba owó lórí orin tí ẹ kọ, oko kòkó tí ń so lọ́dọọdún ni. Ẹ má ṣe tà á nítorí àìní òní. Ní àwọn ọdún 1980, ẹ̀tọ́ orin Sly bọ́ sọ́wọ́ Michael Jackson.

Àṣìṣe tí mo kà sí baba gbogbo wọn ni kí olórí máa fi ara rẹ̀ rọ́pò àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Dúdú àti funfun, ọkùnrin àti obìnrin ni ó para pọ̀ di ẹgbẹ́ yìí: Cynthia Robinson ń fun kàkàkí, Rose, àbúrò Sly, ń tẹ dùùrù, Greg Errico tí ó jẹ́ aláwọ̀ funfun ń lu ìlù. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo There's a Riot Goin' On, tí ó jáde ní 1971, Sly fúnra rẹ̀ ni ó lu ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò náà, ẹ̀rọ ìlù sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Errico. Àwo náà dùn, ó sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn wà, nítorí ọjà tí ó tà kò jẹ́ kí wọ́n rí i pé ilé ti ń tú. Errico lọ ní 1971, Graham tẹ̀ lé e ní 1972. Nígbà tí wọ́n gba Radio City Music Hall ní New York ní oṣù kìíní ọdún 1975, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ gbọ̀ngàn náà ni èrò kún, wọ́n sì ní láti ṣa owó tí wọn yóò fi wọkọ̀ padà sílé jọ.