Bí Mo Ṣe Ṣe Bírákẹ́ẹ̀tì Irin, Láti Orí Pépà Dé Inú Fáìsì

Bírákẹ́ẹ̀tì tí mo ṣe yìí kò le lójú: irin pẹlẹbẹ kan tí a tẹ̀ bíi L, tí yóò gbé pákó ìkówèésí mọ́ ògiri. Ẹni tó ń kọ́ Technical Drawing àti Metal Work ní iléewé girama, tàbí tó ń múra ìdánwò NABTEB ní iléewé iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba bí èyí tó wà ní Agídíngbí, Ìkẹjà, lè ṣe é láìná owó púpọ̀. Orí pépà ló ti sábà máa ń bàjẹ́.

Mild steel, irin tó rọrùn láti tẹ̀, ni irin náà, fífẹ̀ mílímítà 40, nínípọn 3. Apá gígùn jẹ́ 60, apá kúkurú 40, tí a bá wọ̀n wọ́n láti ẹ̀yìn. Ìtẹ̀ inú rẹ̀ ní radius 3 (radius ni ìwọ̀n láti àárín òbìrí dé etí rẹ̀). Ihò méjì wà láàárín gbùngbùn apá gígùn. Ẹyọ kan wà lápá kúkurú, mílímítà 12 sí etí òsì bí a bá wò ó láti iwájú. Ihò tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yìí ló ń sọ bírákẹ́ẹ̀tì di ti òsì tàbí ti ọ̀tún.

Mo lẹ pépà A3 mọ́ pátákó, mo fi T-square tọ́ ọ. Pẹ́ńsù 2H ni mo fi fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́, mo sì fi HB tẹ ìlà ara irin nígbà tí gbogbo rẹ̀ dọ́gba tán. First angle, ọ̀kan lára ọ̀nà méjì tí a fi ń to àwọn ojú àwòrán, ni mo lò: ojú òkè wà lábẹ́ ojú iwájú, ohun tí a rí láti òsì sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá gbé e sọ́wọ́ òsì ti bọ́ sínú third angle, ọ̀nà kejì, láìmọ̀, oníṣẹ́ tó bá ka àwòrán náà á sì lu ihò sí etí òdìkejì. Ẹ ya àmì first angle sínú àpótí orúkọ.

Àwòrán kẹrin, ìyẹn irin náà kí a tó tẹ̀ ẹ́, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń fò. Wọ́n á ro 60 pọ̀ mọ́ 40, wọ́n á gé 100. Mílímítà 5 ni yóò fi gùn jù. Níbi ìtẹ̀, ara òde ń nà, ara inú ń fún pọ̀. Àárín nínípọn irin ni gígùn rẹ̀ kì í yí padà. Nítorí náà mo yọ nínípọn 3 àti radius 3 lára apá kọ̀ọ̀kan: ó ku 54 àti 34. Ìtẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdámẹ́rin òbìrí tí radius rẹ̀ jẹ́ 4.5, 1.57 (ìdajì pi) lọ́nà 4.5 súnmọ́ 7. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 95. Mo fa ìlà sí 54 àti 61 láti ìparí apá gígùn, mo sì kọ "inú" sí ojú tí yóò wà nínú ìtẹ̀. Tí ẹ kò bá kọ ọ́, tí ẹ wá tẹ irin sí òdì, ti òsì á di ti ọ̀tún.

Ìgékù irin wà ní Òwódé Onírin, l'Ékòó. Mo fi vernier wọn nínípọn rẹ̀ kí n tó sanwó. Bó bá jẹ́ 2.5, ìṣirò yẹn yí padà. Abẹ́ hacksaw tó ní eyín 32 sí íńṣì kan ni mo lò, kí eyín mẹ́ta ó kéré tán lè wà lórí irin. Mo gé e ní mílímítà 1 sóde ìlà, mo fi fáìlì parí rẹ̀.

Ihò ṣáájú ìtẹ̀, torí apá tó bá ti dúró á máa kọ lu orí dírílì. Mo fi ṣọ́ọ̀kì pa irin kí ìlà lè hàn, mo fi centre punch sàmì sí 12 àti 38 lápá gígùn, àti sí 15 lápá kúkurú, láti ìparí apá kọ̀ọ̀kan. Láàárín etí ihò àti ibi tí ìtẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, mílímítà 10 gbọ́dọ̀ wà ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ihò á fà gùn bí ẹyin. Bíìtì 3 ṣáájú, 9 tẹ̀lé e, torí bóòtì M8 (tí ara rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 8) nílò àyè. Fún bíìtì 9, nǹkan bí ìyípo 880 ní ìṣẹ́jú kan tó, pẹ̀lú ọ́ìlì díẹ̀. Ẹ de irin mọ́lẹ̀ dáadáa: nígbà tí bíìtì bá fẹ́ yọ sódì kejì ló máa ń gbá irin mú, tó sì ń fi í yí. Ẹ wọ awò ojú. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí dírílì.

Etí fáìsì, ohun tí a fi ń di irin mú, mú jù fún ìtẹ̀. Mo fi fáìlì sọ etí irin nínípọn kan di róbótó sí radius 3, mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú fáìsì, ojú "inú" ti bírákẹ́ẹ̀tì sì kọjú sí i. Ìlà 54 gbọ́dọ̀ wà ní mílímítà 3 sísàlẹ̀ orí irin yẹn. Mo gbé pákó lé apá kúkurú, mo ń fi òòlù lu pákó náà díẹ̀díẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ kọjá dígírì 90 díẹ̀, torí irin máa ń padà sẹ́yìn, mo wá fi try-square yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí apá kan bá gùn tí ìkejì sì kúrú ní iye kan náà, ìlà 54 ló yẹ̀ nínú fáìsì. Bí gígé bá pé 95 tí méjèèjì sì gùn díẹ̀, radius irin ìtẹ̀ ti ju 3 lọ. Bí méjèèjì bá kúrú, etí rẹ̀ ti mú jù. Mo fi fáìlì pa gbogbo etí tó mú, mo sì kùn ún ní ọ̀dà red oxide lọ́jọ́ náà gan-an, torí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ Èkó kì í jẹ́ kí irin tó wà níhòòhò pẹ́ kó tó dógùn-ún.