Bí Mo Ṣe Yan Metronome fún Àwọn Onílù Wa ní Ìkòròdú

Àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ ní ìlù sẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkòròdú kò níṣòro ọwọ́. Ọwọ́ wọn yá, etí wọn sì là. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé bí orin ìyìn bá ti ń gbóná, ìlù á máa sáré, oníkíbọ́ọ̀dù á máa lé e, àwọn akọrin á sì ti máa mí hẹlẹhẹlẹ kí a tó dé ègbè tó kẹ́yìn. Mo gba ohùn ìdánrawò kan sílẹ̀ lórí fóònù, mo wá áàpù tó ń ka ìlù bí èèyàn ṣe ń fìka tẹ̀ ẹ́, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé orin náà. Níbẹ̀rẹ̀, ó ka ìdún 104 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí orin fi máa parí, ó ti di 121. Orin kan náà ni o. Ìgbà yẹn ni mo sọ fún ọ̀gá akọrin pé a gbọ́dọ̀ ní metronome, kí wọ́n sì jẹ́ kí n fara balẹ̀ yan èyí tó yẹ onílù, torí ohun tó tẹ́ olóhùn àti oníkíbọ́ọ̀dù lọ́rùn lè má wúlò rárá fún ẹni tó jókòó sídìí ìlù.

Fún ẹni tí kò bá tíì lò ó rí, ẹ̀rọ kékeré tí ń dún kò, kò, kò ni, tí kì í sáré, tí kì í sì í fà sẹ́yìn. Nọ́ńbà tí ẹ bá gbé e sí ni iye ìgbà tó máa dún ní ìṣẹ́jú kan. Òun ni wọ́n ń pè ní BPM, ìyẹn beats per minute. Ní 60, ó ń dún lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan; ní 120, ẹ̀ẹ̀mejì. Lórí àwọn ìwé orin kan tí ọ̀gá akọrin máa ń pín fún wa, ẹ máa rí M.M. àti nọ́ńbà lókè. M kìíní yẹn dúró fún orúkọ Johann Maelzel, ará Jámánì, tó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ náà ní 1815. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Winkel, tó ń gbé ní Amsterdam, ló ti rí ọgbọ́n rẹ̀ dá ní 1814, kí Maelzel tó mú un lò. Ó máa ń dùn mí fún ọkùnrin yẹn.

Kí n tó náwó, mo lọ bá bàbá tó ń lu gángan fún wa. Wọ́n gbọ́ tẹnu mi tán, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ oníjó ni aago tiwa. Bí ìlù bá sáré ju ẹsẹ̀ lọ, oníjó á gbójú sókè wò ọ́."

Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá dá wà nínú yàrá pẹ̀lú páàdì tí wọ́n fi ń dánra wò dípò ìlù, ta ló máa jó fún un?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó dáa, kí n ṣáà rí i pé ohun tí mo bá rà gbọ́ kónkóló. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé dání láti ìgbà náà lọ. Òun ni mo fi ń yẹ gbogbo èyí tí mo bá rí wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ metronome ti ń já wa kulẹ̀. Kónkóló tí agogo ń lù, bí wọ́n ṣe fi kọ́ mi, ìdún kéékèèké 12 ló wà nínú ìyípo rẹ̀ kan. Agogo á dún lórí ìkíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkẹjọ, ìkẹwàá àti ìkọkànlá: kón, kón, kó-ló, kón, kó-ló. Ẹsẹ̀ oníjó ní tiẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń balẹ̀ nínú ìyípo náà: ìkíní, ìkẹrin, ìkeje, ìkẹwàá. Ẹ fọwọ́ kà á wò. Ibi méjì péré, ìyẹn ìkíní àti ìkẹwàá, ni agogo àti ẹsẹ̀ ti pàdé. Lórí ìkẹrin àti ìkeje, ẹsẹ̀ balẹ̀, agogo ò fọhùn. Àárín ibẹ̀ gan-an ni ọmọ tí kò tíì dúró dáadáa ti máa ń sáré: kò gbọ́ nǹkan kan, ó rò pé àkókò ti fẹ́ lọ, ó sì yára lu èyí tó kàn.

Metronome tó jẹ́ pé méjì tàbí mẹ́rin nìkan ló lè pín ìdún sí á máa dún síbi tí ìlù wa kò sí. Èyí tó lè pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta la nílò. Tó bá dún mẹ́rin, tó sì pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, 12 wa ti pé nìyẹn. Àwọn kan tún ní 6/8 àti 12/8 lára, ìyẹn bí ìwé orin ṣe ń ka ìdún, ṣùgbọ́n kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹsẹ̀ ló ń kà tàbí àwọn kéékèèké. Bí ẹ bá gbé e sí 120, tó sì jẹ́ pé kéékèèké ló ń kà, ẹsẹ̀ oníjó ò ní ju 40 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Orin ìyìn ò lè rìn bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni onígi tó wà lórí dùùrù nílé ọ̀gá akọrin, irú èyí tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ wáyà rẹ̀, tí irin kan á wá máa fì sọ́tùn-ún fì sósì níwájú rẹ̀. Ohun wíwúwo kékeré kan wà lára irin náà: tí ẹ bá tì í sókè, ó ń rọra lọ, tí ẹ bá fà á wálẹ̀, ó ń yára. Nọ́ńbà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 40, ó parí sí 208. Ó rẹwà, kò sì bá iná mọ̀nàmọ́ná da nǹkan kan pọ̀. Mo ki bébà tí mo ṣẹ́ pọ̀ bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan láti gbọ́ ohun tó máa ṣe tí orí tábìlì ò bá tẹ́jú. Lójú ẹsẹ̀ ni ìdún rẹ̀ di kò-kò, kò-kò, bí ẹni tí ń tiro. Ilẹ̀ ibi tí à ń lò fún ìdánrawò kò tẹ́jú tó o. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí a bá lu snare, ìlù kékeré tó ń dún gooro nínú sẹ́ẹ̀tì, lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́, kò sì lè pín ìdún sí mẹ́ta. Mo dá a padà sórí dùùrù.

Ti fóònù ló tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ náà "metronome" sórí Google, ọ̀kan á yọ tí ẹ lè lò lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìyára nìkan lẹ lè yí lára rẹ̀. Áàpù tí ẹ gbé sórí fóònù dáa jù ú lọ dáadáa: ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n ń pín ìdún sí mẹ́ta, àwọn kan sì lè dákẹ́ fún ìyípo mélòó kan kí wọ́n tó tún dún, ohun tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Kò nílò dátà mọ́ tí ẹ bá ti gbé e sórí fóònù. Kí ẹ ṣáà gbé fóònù sí ipò tí ìpè ò fi ní wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnì kan á pè láti Ẹ̀bùtẹ́ nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú ìlù.

Ìpèníjà fóònù ni ohùn. Sípíkà rẹ̀ kéré sí ìlù, a gbọ́dọ̀ lo íápíìsì. Mo gbìyànjú aláìlókùn wò. Ó máa ń fa ohùn sẹ́yìn díẹ̀. Tó bá jẹ́ etí nìkan lẹ fi ń tẹ̀lé e, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan, torí gbogbo ìdún ló pẹ́ bákan náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá tún ń wo iná tó ń ṣẹ́jú lórí fóònù, ojú rẹ̀ àti etí rẹ̀ á máa sọ nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún un. Olókùn la wá lò, ó sì pọ̀ ní Sábó lówó pọ́ọ́kú.

Ọ̀rọ̀ etí yìí jẹ mí lógún ju ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń lu ìlù gidi á máa fi ohùn íápíìsì kún un títí tó fi máa borí ìlù, etí á wá gba ariwo méjì pọ̀. NIOSH, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní 85 dB (òun ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó) ni ariwo kò gbọ́dọ̀ kọjá fún ẹni tó máa wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 8. Gbogbo dB 3 tó bá gùn lé e, kí àkókò náà pín sí méjì. Nígbà tó bá fi dé 94, wákàtí kan péré ló kù, ìlù sẹ́ẹ̀tì nínú yàrá sì ń kọjá ibẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ra ìbotí ńlá, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ní Odógúnyán máa ń dé nítorí ariwo ẹ̀rọ. Íápíìsì á wọ etí, ìbotí á bò ó mọ́lẹ̀. Ìlù lọ sílẹ̀, metronome jáde kedere láìjẹ́ pé a fi kún ohùn rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo rà, òun ni mi ò lè fi ṣeré.

Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní Soundbrenner, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ bí aago, tó máa ń gbọ̀n dípò kó dún. Lórí páàdì, ó dùn ún lò. Lórí ìlù gidi, ọwọ́ tó ń lu nǹkan ti ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ti aago mọ́. Ó tún ń fẹ́ ṣáàjì, bẹ́ẹ̀ iná àdúgbò wa ò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé.

Ó wá ku àpótí tó ń lo bátìrì. Boss, Tama àti Korg, iléeṣẹ́ Jàpáàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ń ṣe é. Ti Tama jẹ́ èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún onílù. Tuntun wọn ju àpò ẹgbẹ́ akọrin lọ, nítorí náà tòkunbọ̀ ni mo gba Mile 12 àti Òṣòdì lọ wá ní Aláàbà. Mo mú bátìrì AA tuntun àti íápíìsì tèmi dání. Ẹni tó ń tà á gbé ọ̀kan jáde, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣe é." Mo ṣí ìdérí bátìrì rẹ̀. Ìpẹtà àwọ̀ ewé ti bo sípíríìngì ibẹ̀, lẹ́búlẹ́bú funfun sì wà nísàlẹ̀: bátìrì àtijọ́ ti jò síbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Òmíràn mọ́ nínú, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń yí ẹnu íápíìsì nínú ihò rẹ̀, ohùn ń já, ó ń padà. Èyí tí mo wá mú ní bọ́tìnnì ohùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan fún ìdún ńlá, ọ̀kan fún pípín sí méjì, ọ̀kan fún mẹ́ta, ọ̀kan fún mẹ́rin. Bátìrì AA ló sì ń lò, irú èyí tó wà nínú aago ògiri, tí ẹ lè rí rà nídìí kíóósì èyíkéyìí. Mi ò bá ra èyí tó ń lo bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀. Tó bá kú ní alẹ́ Sátidé, ibo lẹ ti fẹ́ rí i rà?

Àpótí náà di ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ilé, fóònù ni àwọn ọmọ ń lò, pẹ̀lú íápíìsì olókùn àti ìbotí.

Agogo ni mo kọ́kọ́ gbé lé wọn lọ́wọ́, mi ò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ìlù. Mo gbé e sí 60, mo ṣí ohùn pípín-sí-mẹ́ta sókè, gbogbo 12 ń dún, wọ́n ń lu kónkóló lé e. Nígbà tó dúró, mo yí ohùn kéékèèké náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ibẹ̀ ló ti le, nítorí ìdún kejì àti ìkẹta wá ń bọ́ sí ibi tí agogo ti dákẹ́, ọmọ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó kọjá láìdá sí i. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e wá sí 40. Àwọn òbí kan rò pé ìyẹn rọrùn torí pé ó falẹ̀. Kò rọrùn rárá, ìṣẹ́jú-àáyá kan àtààbọ̀ ló wà láàárín ìdún kan sí èkejì, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ọkàn ara yín dí i.

Nígbà tí a wá dé orí snare, ọ̀kan nínú wọn dáwọ́ dúró lójijì, ó yọ ìbotí. "Bùọ̀dá, ẹ̀rọ yìí ti kú o."

Mo ní, "Kò kú. Ìwọ àti òun lẹ jọ dún lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí o ò fi gbọ́ ọ. Padà sí i."

Ó padà sí i, ó sì tún pòórá mọ́ ọn létí, ó di èyí tó ń rẹ́rìn-ín sí igi ìlù ọwọ́ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ohun tí gbogbo wọn ń lé nìyẹn.

Nínú ìsìn, mi kì í jẹ́ kó máa dún jálẹ̀ orin ìyìn. Mo máa ń gbọ́ ọ létí fún ìyára tí a fi máa bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà mo pa á, mo sì ń wo ìjọ. Ọ̀rọ̀ Bàbá tọ̀nà níbẹ̀: nígbà tí oníjó bá wà níwájú wa, tiwọn là ń tẹ̀lé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ má ra èyí tí wọn ò jẹ́ kí ẹ ṣí ìdí rẹ̀ wò. Ẹ ki bátìrì tiyín bọ̀ ọ́, ẹ fi íápíìsì tiyín sí i, ẹ yí gbogbo bọ́tìnnì ohùn dé òpin lọ́tùn-ún lósì kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń ha. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e sí mẹ́rin, ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ẹ fi ìka lu kónkóló sórí káńtà ẹni tó ń tà á. Tí 12 kò bá pé lábẹ́ ìka yín, ẹ dá a padà fún un.