Síkóòpù tòkunbọ̀: bí ẹ ṣe máa jí i láìjẹ́ kó jóná

Ẹ má tíì ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra oscilloscope àtijọ́ (ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì iná hàn lójú túùbù), síkóòpù lẹ́nu àwọn oníṣẹ́, máa ń kánjú láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ìkánjú yẹn gan-an ló sì ń jó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀rọ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà, tó tún gba ọ̀rinrin òkun dé Èkó kó tó wọ Òṣogbo, ẹ̀ka tó ń pín iná nínú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Bí ẹ kò bá tíì sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí ìdérí rẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti lè rí ọrùn túùbù (dígí tó ń gbé àwòrán jáde), àwọ̀ fàdákà kan wà lára dígí rẹ̀ nínú. Bí àwọ̀ yẹn bá ti di funfun, afẹ́fẹ́ ti wọlé, túùbù ti kú nìyẹn, ẹ bá tiyín lọ. Tektronix 465, tó jáde ní 1972, àti Hameg HM203 ló dẹrùn fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, torí púpọ̀ nínú ẹ̀yà ara wọn ṣì wà lọ́jà. Tektronix 2465 dára jù wọ́n lọ lóòótọ́, àmọ́ IC (ìdìpọ̀ sákíìtì kékeré) tí ilé iṣẹ́ náà ṣe fún ara rẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá jóná, àfi kí ẹ tú òmíràn tó ti kú kí ẹ tó rí arọ́pò.

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún ibi tí wọ́n ti ń yan fóltéèjì. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá sábà máa wà ní 115 V. Ẹ yí i sí 220, 230 tàbí 240, kí ẹ sì pààrọ̀ fíúsì náà pẹ̀lú, torí áńpíà fíúsì 230 V sábà máa ń jẹ́ ìdajì ti 115 V. Lára àwọn Hameg kan, ilé fíúsì fúnra rẹ̀ ni ẹ máa fà yọ, tí ẹ máa yí kí ẹ tó dá a padà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi tẹ́sítà (mítà oníṣẹ́ iná) wọn láti ẹsẹ̀ áàtì (ti wáyà ilẹ̀) lára púlọ́ọ̀gì dé ara irin ẹ̀rọ náà. Kò yẹ kó ju 1 Ω lọ. Láti ẹsẹ̀ iná sí ara irin, tẹ́sítà kò gbọdọ̀ ka nǹkan kan. Etí irin tí ẹ ń de okùn ìwọnná (probe) mọ́ níwájú síkóòpù bá áàtì ilé lọ tààrà. Ẹni tó bá gé ẹsẹ̀ áàtì kúrò kó lè fi wọn tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ iná tààrà ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Tẹlifíṣọ̀n yẹn ló yẹ kó jẹ iná láti ara tìránsífọ́mà ìyàsọ́tọ̀ (tó ń yà á kúrò lára iná ilé), kì í ṣe síkóòpù. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Òṣogbo kò ní áàtì tó wọlẹ̀ dáadáa. Bí ara ẹ̀rọ bá ń ta yín lọ́wọ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kapásítọ̀ (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná) tó wà lẹ́nu ọ̀nà iná ló ń jo díẹ̀ sí ara irin tí kò rí ilẹ̀ bọ́ sí. Irin áàtì ni kí ẹ rì mọ́lẹ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà iná yẹn náà, ẹ wá kapásítọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tó mọ́lẹ̀ kedere, tí wọ́n kọ RIFA sí lára. Bébà ló wà nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ á sán, ọ̀rinrin á wọlé, tí iná bá dé á yọ èéfín tó ń rùn burúkú. Ẹ má wulẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ yọ ọ́. Kapásítọ̀ fíìmù X2 (irú tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀nà iná ilé), 275 VAC sókè, tí µF rẹ̀ (ìwọ̀n iná tó ń gbà) bá ti tẹ́lẹ̀ mu, ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá kọ Y (ti iná sí áàtì) sí, Y ni kí ẹ fi síbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i nílé, ẹ ránṣẹ́ sí Aláàbà.

Iná ti yá báyìí, àmọ́ gílóòbù ni kó gbà kọjá. Ẹ so gílóòbù 100 W onírin inú mọ́ ojú ọ̀nà iná ní síríìsì. LED kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bó bá tan yòò, tó wá rẹlẹ̀, ó dára. Bó bá tan yòò tí kò rẹlẹ̀, nǹkan kan ti bíríìjì (iná ti gba ọ̀nà àbùjá) nínú. Ẹ pa á, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi rẹsísítọ̀ 2.2 kΩ, 10 W, tí ẹ fi rọ́bà bo ẹsẹ̀ rẹ̀, fa iná inú àwọn kapásítọ̀ ńlá jáde fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sì wọn wọ́n kí ọwọ́ tó kàn wọ́n. Ẹ má ṣe èyí sí ìdí túùbù o: nǹkan bíi 2,000 V ló wà níbẹ̀ nínú síkóòpù kékeré, tẹ́sítà wa kò sì lè gbé e.

Bí gílóòbù bá ti rẹlẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ wọn àwọn fóltéèjì inú rẹ̀. Ti 465 ni +110, +55, +15, +5 àti −8 V. Èyí tó bá wọ́ lulẹ̀ pátápátá, ẹ pa iná, kí ẹ wọn rẹsísítánsì láti ojú rẹ̀ sí ilẹ̀. Bí kò bá ju Ω díẹ̀ lọ, kapásítọ̀ tántálọ́ọ̀mù kan ló sábà máa ń bíríìjì. Ẹ fi páwà sọ́pláì tí ẹ ti dí ní 1 V àti 1 A bọ́ ojú ọ̀nà náà. Èyí tó bá ń gbóná ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Kí fóltéèjì arọ́pò rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ojú ọ̀nà yẹn.

Bí ìlà orí túùbù bá ń mì bí omi, ọ̀pọ̀ á sáré pààrọ̀ gbogbo kapásítọ̀ ńlá. Ẹ sinmi. Ẹ kọ́kọ́ wọn iná NEPA tó ń wọlé. Bó bá ti wálẹ̀ sí 170 V lálẹ́, ẹ̀ka tó ń mú fóltéèjì dúró sójú kan kò lè dí i mú mọ́, ìmìtìtì 100 Hz á sì yọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kapásítọ̀ kò ní àbùkù. “I better pass my neighbour” tún burú jù, torí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ẹ fi sìtábíláísà sí i. Bí 230 V bá pé, tó ṣì ń mì, ẹ wá wọn ESR (rẹsísítánsì inú kapásítọ̀ fúnra rẹ̀): 1,000 µF tó bá ti kọjá 1 Ω ti gbẹ. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ 105 °C sí lára, kí fóltéèjì rẹ̀ má kéré sí ti àtijọ́, kí ẹ sì wọn µF rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, torí ayédèrú pọ̀: ike ńlá, kapásítọ̀ kékeré nínú rẹ̀. Bí fóltéèjì kan bá ti wà nínú ààlà tí ìwé àtúnṣe kọ, ẹ má fọwọ́ kan síkúrù tó ń yí i. Ibẹ̀ ni gbogbo òṣùwọ̀n yòókù ti ń mú ìṣirò wọn.

Fún súwíìṣì tó ń yan V/div (iye fóltéèjì tí àpótí kan lójú túùbù dúró fún), ẹ fi àlùkọhọ́ọ̀lù 99% rin bébà tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fà á gba àárín ẹnu rẹ̀. Sípíríìtì alárọ̀ ní omi nínú, á sì fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Bébà ayùnrin á ha góòlù ẹnu súwíìṣì dànù. Eruku ọ̀yẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ìdí túùbù, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá a kúrò, torí tí òjò bá dé, ó ń di ojú ọ̀nà fún iná ńlá.

Ẹ tàn án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó yẹ òṣùwọ̀n rẹ̀ wò. Bátìrì tí tẹ́sítà kà sí 9.0 V gbọ́dọ̀ gbé ìlà náà sókè ní àpótí 4.5 lórí 2 V/div. Àṣìṣe 3% kò burú fún irú ẹ̀rọ yìí. Ẹ fi okùn ìwọnná 10:1 (tó ń dín fóltéèjì kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá) kan ibi tí ìgbì 1 kHz ti ń jáde níwájú rẹ̀, kí ẹ yí síkúrù kékeré ara okùn náà títí orí ìgbì á fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Fún àkókò, ẹ má fi 50 Hz iná ilé ṣe òṣùwọ̀n, kò dúró sójú kan. Ẹ̀rọ kékeré oníkírísítálì tó ń yọ ìgbì 1 MHz ló ṣe é gbára lé: lórí 1 µs/div, ìgbì kan gbọ́dọ̀ gba àpótí kan geerege.