Ojú Owó Kì Í Ṣe Oúnjẹ: Ìtọ́sọ́nà fún Ìdílé àti Àgbẹ̀ Bí Kónílé-ó-gbélé Bá Tún Dé

Ìwé kékeré yìí kò wá láti kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń kọ ebè tàbí bí wọ́n ṣe ń bọ́ adìyẹ. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni àwọn ìdílé tí a bẹ̀ wò lẹ́yìn kónílé-ó-gbélé ọdún 2020. Àrùn kòrónà kò pa ẹnì kankan nílé wọn, ebi ò sì pa wọ́n kú. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba ṣí ọ̀nà, wọn kò lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Irúgbìn ti tán. Owó ọjà ti tán. Ilé adìyẹ ṣófo. Wọ́n ti jẹ ojú owó.

Àṣìṣe kan ṣoṣo tí à ń rí láti ilé dé ilé nìyẹn, òun náà sì ni ìwé yìí dá lé.

Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kò ju báyìí lọ. Ìjọba á kéde ọ̀sẹ̀ 2, ìdílé á sì máa náwó bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ 2 náà ni lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rí nígbà yẹn. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ 14 ni wọ́n kéde fún Èkó, Ògùn àti Àbújá láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020. Wọ́n fi 14 mìíràn lé e, ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn. Íńdíà kéde ọjọ́ 21 láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n sún un síwájú títí oṣù Karùn-ún fi parí. Ọjọ́ 21 ni Gúúsù Áfíríkà náà kọ́kọ́ pè é, ó di ọ̀sẹ̀ 5. Ítálì ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ni òun máa ṣí ìlú, ó di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tó dúró lórí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá. Àjọ Ìlera Àgbáyé pe àrùn náà ní àjàkálẹ̀ kárí ayé lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020. Ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n tó sọ pé kì í ṣe pàjáwìrì mọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ọ̀sẹ̀ 2 lórí rédíò, ẹ ka 12. Ẹ má bi wá pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ 10. 12 ni.

OHUN TÓ Ń JẸ́ OJÚ OWÓ

Ohunkóhun tó jẹ́ pé bó bá lọ, iṣẹ́ yín ò lè bẹ̀rẹ̀ padà, ojú owó nìyẹn. Irúgbìn ni. Ẹran tí ẹ fi ń bí ẹran ni. Owó tí oníṣòwò fi ń ra ọjà ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni fún ẹni tó ń ránṣọ, fóònù sì ni fún ẹni tí oníbàárà ń pè. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ lónìí, kí gbogbo àgbà inú ilé mọ ohun tó wà nínú ìwé náà.

Nílé kan tí mo wọ̀, àpò irúgbìn àgbàdo wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òwú funfun ni wọ́n fi rán ẹnu rẹ̀ níbi tí wọ́n ti rà á, àmọ́ ní ìgun kan, òwú dúdú ni mo rí. Ìyàwó ilé ń tú u lálẹ́, ó ń bu abọ́ kan, ó sì ń rán an padà kí ọkọ má baà mọ̀. Ọkọ mọ̀. Òun náà ti dá ihò sí ìdí àpò, ó ń bu tirẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ìgbà tí òjò dé tí wọ́n gbé àpò náà sórí òṣùwọ̀n, kílò 25 ti di 9.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Hẹ́kítà kan ń gba kílò 20 sí 25 irúgbìn àgbàdo. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà tó ń jẹ kílò 2 lóòjọ́ máa jẹ kílò 25 tán ní ọjọ́ 12, kò pé ọ̀sẹ̀ 2. Oúnjẹ ọjọ́ 12 lẹ fi hẹ́kítà kan pààrọ̀. Bí ẹnì kan bá wá bá yín pé kí ẹ ta hẹ́kítà kan fún òun ní oúnjẹ ọjọ́ 12, ẹ máa lé e jáde nílé.

Ẹ gbé irúgbìn kúrò níbi tí ojú á ti máa rí i lójoojúmọ́. Ẹ fi pamọ́ sílé ẹnì kan tí ìdílé fọkàn tán, kí ẹ̀yin náà gba tirẹ̀ pamọ́. Irúgbìn tí wọ́n fi oògùn kùn, èyí tó pupa tàbí tó ní àwọ̀ mìíràn lára, májèlé ni. Fífọ̀ kò mú un kúrò. Kò yẹ kó wọ ìkòkò rárá, ẹ má sì dà á fún adìyẹ.

OWÓ ÌGBÉLÉ

Nǹkan kejì tí ẹ nílò ni owó tí ẹ máa jẹ kí ẹ má baà fọwọ́ kan ojú owó. Owó ìgbélé la pè é. Kí ẹ tó mọ iye tó yẹ kó jẹ́, ẹ gba ìwé àjákọ kan. Fún ọ̀sẹ̀ 4, ẹ kọ gbogbo ohun tó bá jáde lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé, títí dé orí owó tí ẹ fi sórí fóònù. Lẹ́yìn náà, ẹ fa igi lé àwọn ohun tí kò ní sí nígbà tí gbogbo yín bá jókòó sílé: owó ọkọ̀, aṣọ, ayẹyẹ. Ẹ má fa igi lé oògùn, pàápàá ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ. Ẹ má fa igi lé owó ilé, ẹ má sì fa igi lé ti fóònù. Ẹ pín ohun tó kù sí 4, kí ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Iye tí ẹ ń wá nìyẹn.

Ó máa pọ̀ lójú yín. Ó máa ń pọ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ti ń pa ìwé dé. Ká ní ìnáwó ọ̀sẹ̀ kan nígbà ìgbélé tó ìdajì owó tó ń wọlé fún yín lọ́sẹ̀ lásìkò tí iṣẹ́ ń lọ. Ọ̀sẹ̀ 12 jẹ́ owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 nìyẹn. Bí ẹ bá ń yọ 1 nínú 10, ọ̀sẹ̀ 60 ni ẹ ó fi kó o pé, ọdún kan àti bí oṣù méjì. Àgbẹ̀ tó jẹ́ pé ìgbà ìkórè nìkan lowó ń wọlé fún, 2 nínú 10 ni kó máa yọ lọ́jọ́ tó bá ta irè, kó tó kúrò lọ́jà. Kì í ṣe lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará á ti gbọ́ pé ó tajà.

Owó ìgbélé àti ojú owó kò gbọ́dọ̀ sùn sínú àpò kan náà. Ìnáwó ọ̀sẹ̀ 2 ni kó wà lọ́wọ́ nílé, kí èyí tó kù wà ní báńkì tàbí lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ni, ẹ bi wọ́n nísinsìnyí nípa bí ẹ ṣe máa rí owó gbà bí ìjọba bá fòfin de ìpàdé. A rí ẹgbẹ́ tí àpótí wọn ní àgádágodo mẹ́ta, tí àwọn ẹni mẹ́ta tó ní kọ́kọ́rọ́ sì wà ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Owó wà níbẹ̀, ẹnì kan ò lè kàn án.

Ọkà náà jẹ́ owó ìgbélé, bó bá gbẹ. Ẹ bu ọkà dé ìdá mẹ́ta ìgò tó gbẹ, ẹ da ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ 2 tàbí 3 sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ dá ọkà yín padà sí oòrùn. Ẹ má gbé e wọ àpò.

ALẸ́ ÀKỌ́KỌ́

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá kéde, ẹ má sáré lọ ra ohun gbogbo. Ọjà máa wọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn ju bó ṣe máa wọ́n lọ́sẹ̀ kejì lọ. Ẹ pe gbogbo àgbà ilé jókòó, ẹ ka owó lójú gbogbo yín, títí kan èyí tí ìyá fi pamọ́ àti èyí tí bàbá fi pamọ́. A mọ̀ pé ó wà. Ẹ pín in sínú àpò ìwé 12, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i lára. Bí owó náà bá kéré, ẹ dín ohun tó wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan kù, ẹ má dín iye àpò kù. Ibi tí wọ́n ti ń ṣi í ṣe nìyẹn: owó á kéré, wọ́n á pín in sí 6, wọ́n á ní Ọlọ́run á ṣe é. Nígbà tí Ọlọ́run ń ṣe é, ojú owó ni wọ́n ń jẹ.

Ẹ má ṣí àpò 2 kí ọ̀sẹ̀ 1 tó parí. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú 1, inú 12 ni kó lọ.

ẸRAN Ọ̀SÌN

Ibí ni ojú owó ti ń ná èèyàn lówó nígbà tó wà láàyè, ẹ sì ní láti ṣe ìpinnu kíá. Adìyẹ tó ń yé ẹyin ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 120 lóòjọ́. Adìyẹ 50 máa jẹ kílò 6, àpò kílò 25 kan kò ju ọjọ́ 4 lọ. Adìyẹ 20 máa jẹ kílò 2 àti gíráàmù 400, àpò kan náà á gbé wọn dé ọjọ́ 10. Bí ẹ bá ní àpò 3 nílẹ̀, ẹni tó mú 50 dání ti tán lọ́jọ́ 12, ẹni tó mú 20 dání ṣì wà lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ 31.

Láàárín ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, ẹ ta àwọn tí kò yé mọ́ àti àwọn tó ti gbó. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ohun tí à ń rí ni pé olóhun á mú gbogbo rẹ̀ dání títí oúnjẹ á fi tán ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Á wá kó gbogbo rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà tí gbogbo àdúgbò ń kó tiwọn jáde, iye tí wọ́n bá dá lé e ló máa gbà. Ẹlòmíràn kì í tà, á kàn dín oúnjẹ wọn kù sí ìdajì. Adìyẹ tí ebi ń pa kò ní yé, á sì máa jẹ ìdajì oúnjẹ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bọ́ 20 yó. Ẹyin wọn ni kó máa ra oúnjẹ wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ewúrẹ́ àti àgùntàn. Òbúkọ kan tó abo 20. Ẹ ta òbúkọ yòókù, ẹ fi abo sílẹ̀.

GBÈSÈ

Ẹ lọ bá ẹni tí ẹ jẹ lówó kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó dákẹ́ títí wọ́n fi wá a wá ti di olè lójú wọn. Ẹ má tijú: ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2020, àwọn orílẹ̀-èdè G20, ẹgbẹ́ àwọn tí ọrọ̀ ajé wọn tóbi jù láyé, gbà kí àwọn orílẹ̀-èdè tó tálákà jù dá gbèsè tí wọ́n jẹ ìjọba mìíràn dúró títí ọdún á fi parí. Bí ìjọba bá lè bẹ̀bẹ̀, ẹ̀yin náà lè bẹ̀bẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa san èlé nìkan fún oṣù 3. Bí èlé bá jẹ́ 10 nínú 100 lóṣù, tí ẹ kò sì san nǹkan kan, 100 á di 133 ní oṣù kẹta. Bí ẹ bá ń san èlé, 100 náà ló máa wà.

Ẹ má yá owó lórí fóònù fi jẹun. Bó bá di dandan kí ẹ yáwó, owó oúnjẹ adìyẹ tàbí ti irúgbìn ni kó jẹ́, nítorí ìyẹn á mú nǹkan padà wá.

ÌWÉ TÓ YẸ KÍ Ẹ NÍ

Ní Tógò, oṣù Kẹrin ọdún 2020 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ìrànwọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù nípasẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní Novissi. Káàdì ìdìbò ni wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí kò ní káàdì dúró lẹ́yìn. Káàdì ìdánimọ̀, nọ́ńbà fóònù tó wà lórúkọ yín gan-an, kì í ṣe lórúkọ ọmọ àbúrò, àti àkáùntì kan: ẹ ṣe wọ́n nígbà tí ọ́fíìsì ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé ìrànwọ́ ti dé, kí ẹ ka nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín fún òun, gbájúẹ̀ ni.

ỌJỌ́ TÍ WỌ́N BÁ ṢÍ Ọ̀NÀ

Wọ́n á ti to ìgbéyàwó àti ìsìnkú tí wọ́n sún síwájú dè yín. Ẹ jẹ́ kó dúró. Owó àkọ́kọ́ tó bá wọlé, ẹ fi dí ibi tí ẹ ti jẹ nínú ojú owó, irúgbìn ṣáájú, oúnjẹ ẹran tẹ̀lé e. Ẹni tí ilé adìyẹ rẹ̀ bá sì ti ṣófo, kó tètè ra òròmọdìyẹ lọ́jọ́ yẹn, torí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 ni wọ́n á jẹun kí ẹyin àkọ́kọ́ tó bọ́ sílẹ̀.