Iná tí NEPA mú lọ kì í ṣe iná tí ẹ pa

Bí páìpù bá bẹ́ nínú balùwẹ̀, tí omi ń kán sí sọ́kẹ́ẹ̀tì lára, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ará ilé ni pé, "Kò sáà sí iná, ẹ jẹ́ ká tètè tún un ṣe." Iná lè dé nígbà tí ara plọ́mbà ṣì rin gbingbin. Ilé tó bá sì ní ínfátà, wáyà rẹ̀ kì í bá NEPA kú.

Ẹ já bírékà àgbà sílẹ̀ nídìí bọ́ọ̀dù, kí ẹ tún pa ínfátà àti jẹnẹrétọ̀ lọ́tọ̀. Súìṣì ara ògiri kò tó. Àwọn oníṣẹ́ iná kan ti ṣèèṣì so súìṣì mọ́ wáyà dúdú tí iná ń gbà padà (búlúù nínú ilé tuntun), iná ṣì wà nínú pupa tó ń gbé e wọlé (búráùn nínú ilé tuntun) síbẹ̀. Bí omi bá ti dé inú bọ́ọ̀dù, tàbí tí ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ pe iléeṣẹ́ iná kí wọ́n já a láti orí òpó.

Kí ẹ tó pa iná, ẹ fi tẹ́sítà kan ibi tí iná wà, kí ẹ lè mọ̀ pé tẹ́sítà ọ̀hún ò kú. Ìgbà tí ẹ bá pa á tán ni kí ẹ wá fi kan ibi iṣẹ́. Ẹ lẹ tẹ́ẹ̀pù mọ́ bírékà náà, kí ọmọ tó fẹ́ ṣáàjì fóònù má baà gbé e padà.

Tí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ ògiri wá ibi tó ń jò, ẹ yẹra fún òkè àti ìsàlẹ̀ súìṣì gbọnrangandan: ibẹ̀ ni wáyà sábà máa ń gbà. (Oníṣẹ́ iná tó ń ṣọ́ wáyà lò a máa fà á gba ẹ̀gbẹ́, nítorí náà ẹ rọra gbẹ́ níbi gbogbo.)

Èyí tí ojú kì í tètè rí ni ti ẹ́ẹ̀tì. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, wọ́n so wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ páìpù irin, kí iná tó bá ṣìnà lè wọ ilẹ̀ lọ. Plọ́mbà dé, ó gé ibi tó ti dípẹtà, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 péré, ó fi páìpù oníke (PVC) rọ́pò rẹ̀. Omi dáwọ́ jíjò, gbogbo ilé dúpẹ́. Ṣùgbọ́n PVC kì í gbé iná, ẹ́ẹ̀tì ti já nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí hítà yóò fi bàjẹ́ nínú, tí ẹnu ẹ̀rọ yóò wá gbé ẹni tó ń wẹ̀. Bí ẹ bá rí wáyà aláwọ̀ ewé lára páìpù, ẹ má gé e. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná kọ́kọ́ ri ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Hítà 2,000W ń fa nǹkan bí 9A, púlọ́ọ̀gì 13A gbà á. Hítà ojú ẹsẹ̀ 5,500W ń fa 24A: wáyà 6mm àti bírékà 32A tirẹ̀ ni kó lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì á yọ́.

Gọ́ọ̀mù PVC ń gbiná. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má tan àbẹ́là sítòsí. Tó bá ti gbẹ, ẹ ṣí omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu gbogbo oríkèé. Tíṣù tó bá tutù ti sọ ibi tó ń jò. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná títí tí kò fi tu afẹ́fẹ́ mọ́ kí ẹ tó tan hítà, torí iná nínú tánkì òfìfo ló ń jó irin inú rẹ̀. Bí bírékà bá já lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí oníṣẹ́ iná yóò fi dé.