Bí A Kò Ṣe Gbọ́dọ̀ Ka Ìjà Ìjọ àti Òrìṣà Nínú Ìtàn Àròsọ Ilẹ̀ Ìgbò

Bí o bá bi akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì tó ń ka Things Fall Apart sílẹ̀ de ìdánwò pé kí ló fa ìjà inú ìwé náà, yóò dá ọ lóhùn kíákíá: òyìnbó gbé ẹ̀sìn dé, ó ba àṣà Ìgbò jẹ́. Àwa àgbà náà kì í sábà sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdáhùn yẹn máa ń dùn mí, nítorí ó gba ìtàn náà kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Chinua Achebe, tó gbé ìwé náà jáde ní 1958, ọmọ kátíkíìsì, olùkọ́ni nínú ìjọ, ni. Ojúlùmọ̀ ìhà méjèèjì ni, kò sì kọ ìtàn ẹni ibi kan àti ẹni rere kan.

Má ṣe pè é ní ìjà òyìnbó àti Ìgbò. Wo àwọn tó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ ní Mbanta, abúlé kan nínú ìwé náà. Nneka lóyún nígbà tó sá lọ bá ìjọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti bímọ ṣáájú, ìbejì ni gbogbo wọn, wọ́n sì kó wọn dà sígbó. Àwa tí a máa ń dá ìyá ìbejì dúró lọ́jà láti ta á lọ́rẹ kò gbọ́dọ̀ sáré kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn osu dé, àwọn tí wọ́n fi jìn fún òrìṣà, tí ọmọ onílùú kò lè fẹ́, tí wọn kò sì gbọ́dọ̀ gé irun orí wọn. Nwoye ńkọ́, ọmọ Okonkwo tó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn gan-an? Kí ó tó gbọ́ orin ìjọ rárá ni igbe ìbejì nínú igbó àti ikú Ikemefuna, ọmọ ìlú mìíràn tí wọ́n jọ dàgbà nínú ilé kan náà kí ìlú tó ní kí wọ́n pa á, ti dá egbò sí i lọ́kàn. Òyìnbó kọ́ ló dá egbò náà sí i.

Ẹni tó ń bójú tó ìjọ Mbanta lójoojúmọ́, Ọ̀gbẹ́ni Kiaga, ọmọ Ìgbò ni. Enoch tó ṣí ìbòjú egwugwu, eégún Ìgbò, ní gbangba, ọmọ àwòrò ejò ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́: Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣóògùn, ló ṣáájú iṣẹ́ ìhìnrere náà dé Onitsha ní 1857, John Christopher Taylor tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò ló sì dúró síbẹ̀ láti dá ìjọ sílẹ̀. Ọwọ́ Yorùbá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká yé kà á bí ẹni tó jókòó sókèèrè.

Àṣìṣe kejì ni láti sọ Okonkwo di agbẹnusọ àṣà. Òun kan náà ló lu ìyàwó rẹ̀ ní Ọ̀sẹ̀ Àlàáfíà tó jẹ́ ti òrìṣà ilẹ̀. Ezeudu, àgbà ìlú, kìlọ̀ fún un pé kó má lọ́wọ́ nínú ikú Ikemefuna, ọmọ tó ń pè é ní baba, síbẹ̀ Okonkwo gbé àdá ṣá a. Bó ṣe pokùn so pàápàá, èèwọ̀ ni. Àlejò ló ní láti sin ín. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí àṣà náà gbà gbọ́, lọ sọ́dọ̀ Akunna, àgbà kan nínú ìlú, tó jókòó ti Ọ̀gbẹ́ni Brown, òyìnbó ajíhìnrere, tí àwọn méjèèjì fi jọ jiyàn lórí Chukwu, Ọlọ́run àwọn Ìgbò. Kò sí ẹni tó yí èkejì lọ́kàn padà, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ra wọn yé díẹ̀ sí i. Má sì da Brown pọ̀ mọ́ Smith tó rọ́pò rẹ̀. Brown kọ̀ kí àwọn ọmọ ìjọ máa tọ́ ìlú níjà. Nígbà Smith ni Enoch ṣe ohun tó ṣe, tí àwọn egwugwu sì sọ ilé ìjọ di eérú.

Àṣìṣe kẹta, tiwa gan-an ni: a máa ń wá ọba kiri. Kò sí ọba ní Umuofia, ìlú Okonkwo, kò sí ní Umuaro, ìlú inú Arrow of God. Ohun tí ìjọba òyìnbó náà ń wá nìyẹn nínú ìwé kejì yìí, tí Achebe gbé jáde ní 1964, nígbà tí Winterbottom, òyìnbó aláṣẹ ìjọba, fẹ́ fi Ezeulu, àwòrò Ulu tó jẹ́ òrìṣà Umuaro, jẹ olóyè tí ìjọba yàn. Ezeulu kọ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé ní Okperi.

Ibí yìí ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ sí. Ezeulu kì í ṣe ọ̀tá ìjọ. Òun fúnra rẹ̀ ló rán Oduche, ọmọ rẹ̀, lọ síbẹ̀ kí ó lè jẹ́ ojú fún òun. Nínú ìjọ gan-an, Goodcountry, kátíkíìsì tó wá láti Niger Delta, ń ní kí wọ́n pa ejò mímọ́, Moses Unachukwu tó ti ṣe onígbàgbọ́ ṣáájú gbogbo wọn sì ń ní rárá. Nígbà tí Ezeulu fi máa padà délé, àwọn iṣu mímọ́ tó yẹ kó máa jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oṣù tuntun, tí kò rí jẹ nígbà tó wà látìmọ́lé, ṣì wà nílẹ̀. Ó kọ̀ láti kéde ọdún iṣu títí yóò fi jẹ wọ́n ku ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kò gbọ́dọ̀ wa iṣu kí ọdún náà tó dé; iṣu ń jẹrà nínú ebè, ebi sì wọ̀lú. Goodcountry wá kéde pé kí ẹni tí ẹ̀rù Ulu bá ń bà gbé iṣu wá sí ìjọ, Ọlọ́run yóò dáàbò bò ó.

Bí wọ́n bá bi ọ́ nínú ìdánwò pé kí ló jẹ́ kí ìjọ borí ní Umuaro, kọ̀wé nípa iṣu náà kí o tó kọ̀wé nípa ìwàásù.