Tí làkúrègbé bá ń jẹ oríkèé ara yín: bẹ́ ẹ ṣe máa kó o níjàánu

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo egungun dídùn kọ́ ni làkúrègbé kan náà o. Èyí tí wọ́n ń pè ní rheumatoid arthritis kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, àwọn ọmọ-ogun ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò jà ló yíjú sí oríkèé ẹni tó ni wọ́n, wọ́n á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Obìnrin ló ń bá fínra jù, wọ́n tó ìlọ́po 2 sí 3 ti ọkùnrin.

Tẹ́ ẹ bá ń jí láàárọ̀ tí ìka ò ṣeé ká, tí ọrùn ọwọ́ wú, tọ̀tún tòsì, tó ń gbà tó wákàtí kan kó tó rọ̀, tó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má jókòó sílé. Ọdún kan gbáko la fi ń fi róòbù pa ọwọ́ màmá mi, ìka ẹ̀ méjì sì ti wọ́ ká tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ń dùn mí títí dòní. Rheumatologist, ìyẹn dókítà tó mọ̀ nípa àìsàn oríkèé, ni kẹ́ ẹ béèrè, teaching hospital lẹ ti máa rí wọn jù.

Wàyí o, oògùn ìrora ọ̀tọ̀, oògùn àìsàn ọ̀tọ̀. Diclofenac àti ibuprofen á jẹ́ kára tù yín, àmọ́ àìsàn yẹn ò dúró, ó ṣì ń jẹ oríkèé lọ nísàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ń lò wọ́n ṣáá wọ́n lè dá egbò sínú ikùn, kí wọ́n tún ba kíndìnrín jẹ́. Ní ti oògùn tó ń bá àìsàn náà fúnra ẹ̀ jà, methotrexate ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, Ẹ̀Ẹ̀KAN LỌ́SẸ̀ ni wọ́n ń lò ó o, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú. Ọjọ́ Sọ́ńdè la mú fún màmá mi, a fi báírò pupa sàmì sí kàlẹ́ńdà. Wọ́n á fi folic acid tì í, ẹ máa lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ bí wọ́n bá ṣe ní kẹ́ ẹ wá, ẹ jìnnà sí ọtí, obìnrin tó bá fẹ́ lóyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún dókítà. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kó tó ṣiṣẹ́, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń sọ̀rètí nù tí wọ́n á jù ú sílẹ̀.

Prednisolone, oògùn steroid kan, ń tètè tuni lára, ṣùgbọ́n ẹ má dá a rà, ẹ má sì ṣàdéédéé dá a dúró tẹ́ ẹ bá ti ń lò ó tipẹ́. Àwọn páúdà tí wọ́n ń tà nínú mọ́tò, téèyàn á lò tá á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ́jọ́ kejì, wọ́n máa ń po irú ẹ̀ mọ́ àwọn kan nínú wọn.

Oríkèé 28 ni dókítà máa ń tẹ̀ wò, wọ́n á fi ṣírò nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní DAS28, tó bá ti wálẹ̀ ju 2.6 lọ, àìsàn náà ti sùn nìyẹn. Ẹ máa béèrè nọ́ńbà yín. Tí oṣù 3 bá kọjá tí ò sì sí ìyàtọ̀, ẹ ní kí wọ́n tún oògùn náà wò.

Àmọ́ nọ́ńbà ò sọ gbogbo ẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ láràárọ̀: ṣé mo sùn dáadáa, ṣé mo lè de bọ́tìnnì, ṣé mo lè fún aṣọ, ṣé mo lè bu òkèlè, ṣó rẹ̀ mí kílẹ̀ tó mọ́? Màmá mi kì í sọ ǹkan kan lọ́dọ̀ dókítà ju "ó sàn díẹ̀", ìgbà tá a gbé ìwé yẹn jáde tí wọ́n rí i pé ó ti tó oṣù méjì tí ò lè di gèlè fúnra ẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi oògùn kejì kún un.

Nílé, ẹ ti ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láàárọ̀, ẹ we aṣọ mọ́ ọwọ́ ọmọrogùn kó lè nípọn, èjìká ni kẹ́ ẹ fi gbé báàgì, kì í ṣe ìka. Ẹ máa rìn díẹ̀ lójoojúmọ́, tí oríkèé bá wú kẹ́ ẹ sinmi ẹ̀. Ẹni tó ń mu sìgá kó fi í sílẹ̀, ó ń mú àìsàn náà le sí i.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má pe àárẹ̀ yẹn ní ọ̀lẹ, ara àìsàn náà ni, ẹ bá wọn gún iyán yẹn.